C. diff tó ń pa dà wá lẹ́yìn ìtọ́jú: abẹ́rẹ́ áńtíbọ́dì tó kúrò lọ́jà, àti ohun tó ṣì wà fún Màmá

Ìbéèrè tí obìnrin kan fi ránṣẹ́ láti Maryland nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀ (C. diff ni bakitéríà kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru; áńtíbọ́dì ni èròjà tí ara ń ṣe láti fi gbógun ti àrùn):

“Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Màmá mi, ẹni ọdún 74, wá kí wa láti Ìbàdàn. Wọ́n tọ́jú wọn fún àrùn ọ̀nà ìtọ̀, wọ́n fún wọn ní oògùn apakòkòrò cipro, lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé C. diff ni. Wọ́n lo vancomycin, oògùn apakòkòrò mìíràn, fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó lọ, ó tún pa dà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Ọ̀rẹ́ mi sọ pé ní 2019, áńtíbọ́dì kan ni wọ́n fà sí bàbá òun lára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àìsàn náà kò sì pa dà mọ́. A béèrè fún un, wọ́n ní kò sí mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí la wá lè ṣe? Màmá ní àrùn ọkàn, wọ́n ń lo oògùn tó ń mú wọn tọ̀. Ilé ni wọ́n sì fẹ́ pa dà sí.”

Ẹ kú wàhálà, ara Màmá á le o. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Bezlotoxumab ni abẹ́rẹ́ tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, Zinplava ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Ilé iṣẹ́ Merck ló ni ín. Àjọ FDA, tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ilé iṣẹ́ náà sì dẹ́kun títà rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àléébù kan lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ òwò ni. Inú mi kò dùn sí i, torí kò sí áńtíbọ́dì mìíràn tó rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ó kún inú fíríìjì ilé ìwòsàn yẹn fọ́fọ́, n kò ní sáré fà á sí Màmá lára, nítorí ọkàn wọn. Màá dé ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àìsàn yìí bá pa dà, oògùn àkọ́kọ́ ni kò ṣiṣẹ́. Vancomycin ṣiṣẹ́ o. Clostridioides difficile, tí à ń gé kúrú sí C. diff, ló ní ọgbọ́n tirẹ̀: bí ewu bá dé, á fi èèpo líle bo ara rẹ̀, á sì sùn lọ. Spore ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí tó sùn náà. Oògùn apakòkòrò kò ràn án, omi kíkan inú ikùn kò ràn án, ọtí inú gẹ́ẹ̀lì ìfọwọ́ pàápàá kò ràn án. Nínú ìfun tó dá ṣáṣá, kò ní ráyè ṣe nǹkan kan bó tilẹ̀ jí, nítorí àìmọye bakitéríà mìíràn ló ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá wá lé àwọn ọlọ́jà kúrò lẹ́bàá títì? Oníṣòwò gidi á sá lọ, ọmọ ìta tó sá pamọ́ sábẹ́ káńtà ló máa kọ́kọ́ jáde wá pàtẹ. Ohun tí cipro ṣe nínú ìfun Màmá nìyẹn. Vancomycin wá lé ọmọ ìta náà, ṣùgbọ́n ó tún lé àwọn ọlọ́jà díẹ̀ tó ń yọ́ pa dà bọ̀. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé tí oògùn kúrò nílẹ̀, inú ìfun tó ṣófo ni àwọn spore jí sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ sọ yẹn bá ìṣe rẹ̀ mu gan-an. Àjọ CDC, tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, ní nínú ènìyàn mẹ́fà tó bá ṣe C. diff, bí ẹnì kan ló máa tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́jọ, ewu náà sì máa ń ga sí i lẹ́yìn ìpadàbọ̀ àkọ́kọ́.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí abẹ́rẹ́ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ó máa jẹ́ kí ẹ lóye ìdí tí mo fi fẹ́ràn ohun mìíràn fún Màmá. C. diff fúnra rẹ̀ kì í jẹ ìfun. Oró méjì tó ń tú jáde, oró A àti oró B, ló ń wọ sẹ́ẹ̀lì ara ìfun ńlá, tí wọ́n ń tú u ká, tí ìfun á fi wú tí omi á sì máa ya jáde. Ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn oníwádìí kan ní Boston kíyè sí i pé àwọn kan wà nílé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé bakitéríà yìí kiri tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n rí i pé áńtíbọ́dì tó ń gbógun ti oró A pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún rí i pé àwọn tí ara wọn tètè ṣe áńtíbọ́dì yìí nígbà àìsàn àkọ́kọ́ kì í sábà tún un ṣe. Ara arúgbó sì máa ń lọ́ra láti ṣe é. Nǹkan tó wá sí wọn lọ́kàn ni pé, bí ara kò bá lè ṣe é, ṣé a kò lè ṣe é níta ká fà á sí ẹni náà lára?

Yunifásítì Massachusetts àti ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Medarex ló ṣe áńtíbọ́dì méjì jáde, ọ̀kan fún oró A, ọ̀kan fún oró B. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2010, aláìsàn 200 ni wọ́n lò. Nínú àwọn tó gba méjèèjì pọ̀, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn pa dà fún. Nínú àwọn tó gba omi lásán, ìdá 25 ni. Merck wá gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì ṣe ìwádìí ńlá méjì, MODIFY I àti MODIFY II, tó kó ènìyàn tó ju 2,600 jọ láti orílẹ̀-èdè 30. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Oró A tí gbogbo ojú ń wò láti ọjọ́ yìí wá kọ́ ni ọ̀gá. Áńtíbọ́dì tirẹ̀ nìkan kò ṣe àǹfààní kankan, wọ́n tilẹ̀ dá apá yẹn dúró láàárín ìwádìí. Ti oró B ló dá iṣẹ́ náà ṣe, ìyẹn bezlotoxumab. Nínú ìwádìí kìíní, àìsàn pa dà fún ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á, àti ìdá 28 àwọn tí kò gbà á. Nínú èkejì, ó jẹ́ 16 sí 26.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fà á, fún wákàtí kan, nígbà tí aláìsàn ṣì ń lo oògùn apakòkòrò lọ́wọ́. Kì í pa C. diff. Ìwòsàn àìsàn tó wà nílẹ̀ kọ́ ni, torí iye àwọn tí ara wọn yá lákọ̀ọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ìhà méjèèjì. Ó kàn máa ń so mọ́ oró B ni, oró náà kò sì ní lè gbá sẹ́ẹ̀lì ìfun mú mọ́. Ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 19 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára, nítorí náà ó ń ra àkókò fún ìfun ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ewu ìpadàbọ̀ pọ̀ jù. Àwọn bakitéríà rere gan-an ló ń parí iṣẹ́.

Ẹ tún wo ìṣirò yẹn dáadáa kí ẹ tó banú jẹ́ pé ẹ pàdánù rẹ̀. Àǹfààní tó wà láàárín 17 àti 28 túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá fà á sí ènìyàn mẹ́wàá lára, ẹnì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ló gbà là kúrò lọ́wọ́ ìpadàbọ̀. Nínú àwọn tó gba omi lásán pàápàá, àwọn tó ju 70 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ni kò tún un ṣe. Bàbá ọ̀rẹ́ yín lè wà lára wọn. N kò sọ pé abẹ́rẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ o, ó ṣiṣẹ́, pàápàá fún ẹni tó ti lé ní 65, ẹni tó ti ṣe é láàárín oṣù mẹ́fà, tàbí ẹni tí agbára ara rẹ̀ láti gbógun ti àrùn ti lọ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ rí èrè níbẹ̀. Ní Britain, àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú, wò ó ní 2021, wọ́n ní owó rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ, wọn kò sì gbà pé kí wọ́n máa lò ó.

Ó wá kan ọkàn Màmá. Nínú ìwádìí méjèèjì, àwọn 118 tó gba abẹ́rẹ́ náà ló ti ní àrùn ọkàn tí kì í lè fa ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́ tẹ́lẹ̀. Àrùn ọkàn yìí le sí i lọ́nà tó léwu fún 15 nínú wọn. Nínú àwọn 104 tó ní irú àrùn bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tó gba omi lásán, márùn-ún ni. Àwọn tó kú, 23 nínú 118 sí 13 nínú 104. A kò lè fi ìyẹn nìkan sọ pé abẹ́rẹ́ náà ló pa wọ́n, torí àwọn ènìyàn náà kò pọ̀, ara wọn kò sì le tẹ́lẹ̀. FDA ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀. Fún màmá tèmi tó bá ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀, àfi bí gbogbo ọ̀nà yòókù bá dí.

Àwọn ọ̀nà náà kò sì dí.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé C. diff ló tún dé lóòótọ́. Àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń ṣe ni PCR, tó ń wá àbùdá bakitéríà náà, kì í ṣe oró rẹ̀. Ó lè fi hàn pé ó wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí àìsàn ti lọ. Ìfun tó ti wú rí náà sì lè máa ṣe ségesège fún oṣù díẹ̀, kí ìgbẹ́ rọ̀ lónìí kó dì lọ́la, láìsí oró kankan níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà: “Ṣé ẹ rí oró náà gan-an?” Bí Màmá bá ń ṣe ìgbẹ́ omi lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí wọ́n sì rí oró, ó ti pa dà nìyẹn. Bí ìgbẹ́ bá sì ti dì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un yẹ̀ wò torí kí ọkàn lè balẹ̀.

Bó bá jẹ́ òun ni, fidaxomicin ni kí ẹ béèrè fún, 200 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ dókítà IDSA àti SHEA gbé jáde ní 2021 fi í ṣáájú vancomycin, torí ó ń pa C. diff láì fọwọ́ kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn bakitéríà rere. Nínú ìwádìí tó gbé e jáde ní 2011, ìdá 15 ló tún un ṣe, sí ìdá 25 fún vancomycin. Ó wọ́n gan-an ni, ìnṣọ́ránsì sì máa ń kọ́kọ́ kọ̀. Kí dókítà kọ ìwé pé ìgbà kẹta rèé, kó sì tẹnu mọ́ ọn. Bí ìnṣọ́ránsì àlejò lásán ni Màmá ní tí owó kò sì ká a, ọgbọ́n kan wà tó ti pẹ́: kí wọ́n lo vancomycin ní iye tó péye fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, dórí ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Apòògùn ilé ìwòsàn lè fi ìyẹ̀fun vancomycin tí wọ́n ń fi ṣe abẹ́rẹ́ po èyí tí wọ́n á máa mu, owó rẹ̀ sì máa ń dín kù. Mímu ló gbọ́dọ̀ jẹ́ o. Èyí tí wọ́n bá fà sí iṣan kì í dé inú ìfun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ lépa gan-an fún Màmá: dídá àwọn ọlọ́jà pa dà sí ìsọ̀ wọn. Oògùn méjì ni FDA ti fọwọ́ sí, tí wọ́n fi bakitéríà rere inú ìgbẹ́ àwọn tí ara wọn le ṣe. Rebyota, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá 2022, ìdí ni wọ́n ń gbà fi í sí i, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Vowst, ti oṣù kẹrin 2023, kápúsù ni: mẹ́rin lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, lórí ikùn òfìfo, ọjọ́ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí oògùn apakòkòrò bá parí. Spore bakitéríà rere ló wà nínú rẹ̀; ọgbọ́n tí C. diff fi ń yọ́ wọlé náà ni àwọn onímọ̀ fi gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi gbé e jáde, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìdá 12 ló tún ṣe àìsàn náà nínú àwọn tó lò ó, sí ìdá 40 nínú àwọn tó lo kápúsù òfìfo. Ẹ fi ìyẹn wé ti áńtíbọ́dì. Ìwádìí méjì tó yàtọ̀ síra ni, a kò lè gbé wọn lé ìwọ̀n kan náà tààrà, ṣùgbọ́n ẹ rí ìdí tí n kò fi sunkún Zinplava jù. Ohun kan ni kí ẹ rántí: wọ́n máa ń fi oògùn ìyàgbẹ́ tó ní magnesium fọ inú ṣáájú Vowst. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yẹ kídìnrín Màmá wò ná, torí oògùn ìyàgbẹ́ mìíràn wà fún ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò bá dá pé.

Ẹ̀yà kẹta ni gbígba ìgbẹ́ ẹlòmíràn sínú ìfun nílé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé Màmá á ní “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o”, ẹ bá wọn sọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ní Netherlands ní 2013, ó wo 15 sàn nínú aláìsàn 16, nígbà tí vancomycin nìkan wo mẹ́rin sàn nínú 13. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti fídíò íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ọ kó wá ṣe é nílé. Ní 2019, ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan kú nítorí bakitéríà E. coli tí oògùn kò ràn, tó wà nínú ìgbẹ́ tí wọ́n fún un, tí wọn kò sì yẹ̀ wò fún irú bakitéríà bẹ́ẹ̀.

Gbogbo owó yìí lè bọ́ sómi bí ẹnì kan bá tún fún Màmá ní cipro lóṣù tó ń bọ̀, ibi tí mo ti ń rí i jù náà sì ni ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Ìyá àgbà á dé ilé ìwòsàn nítorí àárẹ̀ tàbí òòyì, wọ́n á yẹ ìtọ̀ wọn wò, bakitéríà á wà níbẹ̀, wọ́n á sì kọ oògùn. Bakitéríà máa ń wà nínú ìtọ̀ ọ̀pọ̀ ìyá àgbà láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí ìtọ̀ kò bá ta wọ́n, tí kò gbóná, tí ibà kò sí, a kì í tọ́jú rẹ̀. Ẹ béèrè ìbéèrè yẹn láìtijú, àní ẹ bi wọ́n léèrè bóyá àrùn ìtọ̀ àkọ́kọ́ yẹn tilẹ̀ jẹ́ àrùn lóòótọ́. Nínú àwọn oògùn apakòkòrò, clindamycin tí àwọn onítọ́jú eyín ń kọ tún wà lára àwọn tó burú jù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìdílé cephalosporin. Bó bá di dandan kí Màmá lo oògùn apakòkòrò, kí ẹni tó ń kọ ọ́ mọ̀ nípa C. diff kó tó mú kálámù. Bí wọ́n bá sì ń lo omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, tí kò sí ẹni tó rántí ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà tún un gbé yẹ̀ wò.

Nínú ilé, ọṣẹ àti omi ni kí gbogbo yín fi fọwọ́, ẹ fi gẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí Màmá ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiwọn, kí ẹ sì fi bílíìṣì nu ibi ìjókòó, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ẹnu ẹ̀rọ omi, torí spore lè wà lára nǹkan fún oṣù púpọ̀. Ẹ má fún wọn ní Imodium, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Omi orí ògì kò burú fún ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀, oúnjẹ ni, ẹ má kà á mọ́ oògùn. Àgbo ni mo bẹ̀ yín kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó jẹ́ kánjúkánjú ni oògùn tó ń mú Màmá tọ̀: bí ìgbẹ́ omi ṣe ń fa omi jáde ni òun náà ń fà á, kídìnrín sì lè kọ iṣẹ́. Ẹ pe dókítà ọkàn wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, kó sọ iye tí wọ́n á lò tàbí kí wọ́n dá a dúró díẹ̀. Bí ikùn bá wú, bí ibà bá mú wọn, bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, tàbí bí ìgbẹ́ bá dúró lójijì tí inú sì ń run wọ́n, ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà ni.

Àwọn kan ti bi mí nípa àjẹsára. Pfizer dán tirẹ̀ wò lára nǹkan bí ènìyàn 17,500, àwọn tó ti pé àádọ́ta ọdún sókè. Ní 2022 wọ́n kéde pé kò dí àìsàn náà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe retí, àmọ́ àwọn tó ṣe é lẹ́yìn àjẹsára kò pẹ́ lórí rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Kò tíì sí ọ̀kan lọ́jà.

Ní ti Ìbàdàn, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn oògùn ìkẹyìn láìsí ìgbẹ́ gbuuru. Kí dókítà kọ lẹ́tà kan ṣókí: iye ìgbà tí C. diff ti ṣe wọ́n, oògùn tí wọ́n lò, oògùn apakòkòrò tó yẹ kí wọ́n sá fún. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú wọn nílé, torí ẹ mọ̀ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa: inú bá ti ń ṣí, Flagyl ni kẹ́míìsì á kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, wọ́n á sì fi nǹkan kan tì í fún “taifọ́ọ̀dù” láìṣe àyẹ̀wò. Flagyl kì í ṣe oògùn tí a fi ń tọ́jú C. diff tó ń pa dà, lílò ó léraléra sì lè ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ àti ọwọ́ jẹ́. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ nílé, kí wọ́n gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH, kí wọ́n sì dárúkọ C. diff fún wọn, torí kì í sí nínú àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Kí ẹ sì bẹ dókítà níbí kó kọ vancomycin ọjọ́ mẹ́wàá tí Màmá á gbé dání, tí wọn kò ní fọwọ́ kàn àfi bó bá fún wọn láṣẹ lórí fóònù.